Onílù dùndún níwájú USCIS: kí ni ẹ̀rí pé ẹ̀bùn ẹni yàtọ̀?

ÀyànBaltimore (4 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Àyàn ni mí. Agboolé onílù kan ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí mi, ìyáàlù dùndún ni mo sì ń lù láti ìgbà tí mo ti lè gbé e kọ́ èjìká. Ní ọdún tó kọjá ni mo bá ẹgbẹ́ oníjó kan dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà P-3, èyí tí wọ́n ń fún àwọn òṣèré ìbílẹ̀, tí wọ́n sì máa ń sún síwájú ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Ní báyìí, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan àti ẹgbẹ́ olórin méjì fẹ́ kí n máa bá àwọn ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Lọ́yà tí mo lọ rí sọ pé ọ̀nà tó yẹ mí ni ti àwọn tó ní ẹ̀bùn àrà ọ̀tọ̀, ó wá bi mí pé, "Kí lo ní lọ́wọ́ tó fi hàn bẹ́ẹ̀?" Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ gbé ìlù mi wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó máa ka fáìlì mi ní USCIS, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń pinnu lórí irú ìwé báyìí, kò ní gbọ́ ìlù kankan.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: mo ti lu ìlù fún ọba kan ní ilé fún ọdún mẹ́sàn-án, orúkọ mi wà lára kásẹ́ẹ̀tì àti àwo márùn-ún tí ọ̀gá olórin kan ṣe, Aláròyé ti kọ nípa mi nígbà kan, mo ti ṣe adájọ́ níbi ìdíje ìlù àwọn ọmọ iléèwé lẹ́ẹ̀mejì. Ìdílé Àyàn tí mo ti wá, gbogbo Ọ̀yọ́ ló mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo èyí, èwo ni wọ́n máa kà sí ẹ̀rí, èwo ni wọn ò ní kà?

ÌyáÌbejìMD (4 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ káàbọ̀, àbúrò mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń bá àwọn lọ́yà to irú fáìlì yìí. Èmi fúnra mi kì í ṣe lọ́yà, ẹnu lọ́yà yín ni ìmọ̀ràn òfin ti gbọ́dọ̀ wá, ṣùgbọ́n mo lè sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Ọ̀nà méjì ni àwọn èèyàn máa ń pè ní orúkọ kan náà, wọn kò sì ga bákan náà. O-1B jẹ́ físà onígbà díẹ̀. Ó lè tó ọdún mẹ́ta ní ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi ọdún kọ̀ọ̀kan kún un. EB-1A ni ó ń yọrí sí ìwé ìgbélùú (green card). Fún olórin tàbí oníjó, ohun tí òfin ń béèrè nínú O-1B ni pé kí ìmọ̀ rẹ̀ àti òkìkí rẹ̀ ga dáadáa ju ti àwọn tí a máa ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ náà lójoojúmọ́ lọ. Ní ti EB-1A, wọ́n fẹ́ kí ó wà lára àwọn díẹ̀ tó ti dé téńté orí iṣẹ́ náà. Ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n ti àkọ́kọ́ lè má kún ti èkejì rárá.

Ẹ kò lè fúnra yín béèrè O-1B. Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tàbí aṣojú kan tó wà níbẹ̀, ni yóò fi fọ́ọ̀mù I-129 béèrè fún yín, pẹ̀lú àdéhùn iṣẹ́, àlàyé ibi tí ẹ ó ti ṣeré àti ìgbà tí ẹ ó ṣe é, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwọn akẹgbẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ olórin ń lọ bá American Federation of Musicians fún lẹ́tà yìí. EB-1A ni ẹ lè fọwọ́ ara yín béèrè lórí fọ́ọ̀mù I-140 láìsí agbanisíṣẹ́ kankan, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ ìlù yìí náà ni ẹ ó máa ṣe nìṣó níbí.

Ẹni tó bá ti gba àmì-ẹ̀yẹ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀ ti rí ọ̀nà àbùjá. Òfin O-1B tilẹ̀ dárúkọ Grammy, ó sì sọ pé kí wọ́n yan ènìyàn mọ́ àwọn tó ń du ú lásán náà tó. EB-1A kò gba yíyàn lásán. Àfi kí ó ti gbà á. Ẹni tí kò bá ní irú èyí yóò mú ó kéré tán ẹ̀rí mẹ́ta wá nínú oríṣi mẹ́fà fún O-1B, tàbí mẹ́ta nínú mẹ́wàá fún EB-1A.

Gángan_London (5 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ Grammy yìí máa ń dun àwa onílù. Ìgbà méjì ni wọ́n ti yan King Sunny Adé fún un, ṣùgbọ́n yíyàn náà kò kúrò lórí orúkọ ọ̀gá, kò sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lu gángan lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìlù wa kò dé ibẹ̀. Sikiru Adepoju lu ìlù nínú Planet Drum, àwo onílù Amẹ́ríkà nì, Mickey Hart, tó gba Grammy àkọ́kọ́ tí wọ́n fún orin àgbáyé ní 1992, ó sì tún wà lára àwọn mẹ́rin tó ṣe Global Drum Project, tó gba tirẹ̀ ní 2009.

Oníjó_Bàtá (5 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe fọ́, kí tiyín má baà fọ́. Ní 2019 ni mo kọ́kọ́ béèrè EB-1A. Ẹni tó bá mi ṣe é sọ pé lẹ́tà ìjẹ́rìí ni ọ̀pá ìdí ọ̀rọ̀, mo sì kó lẹ́tà méje jọ. Kí n má purọ́, èmi àti òun la jọ kọ gbogbo wọn, àwọn ọ̀gá kàn fọwọ́ sí i ni. Nínú mẹ́rin lára wọn ni gbólóhùn kan náà ti wà, pé èmi wà lára àwọn oníjó bàtá tó dára jù lọ ní gbogbo Áfíríkà. Wọ́n kọ̀wé padà pé kí n mú ẹ̀rí sí i wá, wọ́n sì tọ́ka sí gbólóhùn náà ní ojú ìwé kọ̀ọ̀kan tó ti jẹ yọ. Ọjọ́ 84 ni wọ́n fún mi láti fèsì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èsì náà sì jẹ́, èèyàn kò lè fi díẹ̀ ránṣẹ́ lónìí kí ó fi ìyókù ránṣẹ́ lọ́la. N kò rí nǹkan kan mú wá ju lẹ́tà mìíràn lọ. Wọ́n kọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo tún un béèrè lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lẹ́tà mẹ́rin péré ni mo mú wá. Ọ̀kan nínú wọn wá láti ọwọ́ ẹni tí n kò bá pàdé rí, olùdarí àjọ̀dún ijó kan tó rí fídíò wa, tó sì sọ ìgbà tó wò ó, ohun tó rí nínú rẹ̀ àti ohun tó yí padà nínú ètò tirẹ̀ nítorí rẹ̀. Lẹ́tà yẹn nìkan ju méje àkọ́kọ́ lọ. Ìyìn wà nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀, ìtàn ló wà nínú èyí.

Ìwé_Òfin (5 oṣù Kọkànlá 2024)

Ohun tí oníjó wa sọ yìí ní gbòǹgbò nínú ẹjọ́. Ní 2010, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ẹkùn kẹsàn-án dá ẹjọ́ Kazarian, onímọ̀ físíìsì kan tó béèrè EB-1A. Láti ìgbà náà ni USCIS ti ń ka fáìlì ní ìpele méjì: wọ́n á kọ́kọ́ kà á bóyá ẹ̀rí náà pé oríṣi mẹ́ta, lẹ́yìn náà wọ́n á wá gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí òṣùwọ̀n kan, kí wọ́n tó pinnu bóyá onítọ̀hún wà lára àwọn díẹ̀ tó wà lókè ní tòótọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rò pé bí mẹ́ta bá ti pé, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí.

Ẹjọ́ tó kan òṣèré gan-an ni Visinscaia, tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Washington dá ní 2013. Oníjó ìdíje ni olùpẹ̀jọ́, ó ní òun ti mú ọgbọ́n tuntun wọ inú ijó náà. Ilé ẹjọ́ gbè sẹ́yìn ìjọba, nítorí pé kò sí ẹ̀rí tó fi hàn pé ọgbọ́n náà ti nípa lórí iṣẹ́ àwọn oníjó yòókù lápapọ̀. Ẹ fi èyí wé onílù tó bá sọ pé òun dá àlùjó kan sílẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n máa bi í ni pé: ta ló tún ń lù ú, níbo, ta sì ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ti kọ́ ọ?

ÀyànBaltimore (6 oṣù Kọkànlá 2024)

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo àwọn ohun tí mo kà sílẹ̀ yẹn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tún fẹ́ bi yín nípa owó. Mo gbọ́ pé owó iṣẹ́ tó ga wà lára ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ owó tí mo rí ní ilé kì í ṣe owó oṣù. Lóde àríyá ni wọ́n ti ń ná an fún wa, bí mo bá ti ki olówó òde dáadáa. Àwọn alẹ́ kan wà tí ohun tí mo gbé relé ju owó oṣù olùkọ́ lọ.

Gángan_London (6 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ìyẹn sínú ìwé kankan! Yàtọ̀ sí pé kò ní rìsíìtì, abala 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn máa ná náírà lóde àríyá tàbí kí ó máa jó lórí rẹ̀. Ní ọdún yìí gan-an ni wọ́n fi gbajúmọ̀ kan sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí rẹ̀. Ẹ wá fẹ́ fi owó ẹ̀ṣẹ̀ ṣe ẹ̀rí ẹ̀bùn.

ÌyáÌbejìMD (6 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Owó tó máa kà ni èyí tó wà nínú àdéhùn, tó gba báńkì wọlé, tí a sì lè fi wé ohun tí àwọn onílù yòókù ń gbà ní àdúgbò kan náà. Bí ilé ẹ̀kọ́ gíga yẹn bá ti kọ iye tí wọ́n máa san sílẹ̀, ẹ mú un lọ́wọ́: O-1B máa ń wo owó tó ń bọ̀, kì í ṣe èyí tó ti kọjá nìkan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ìyókù.

Ìdílé Àyàn. Mo mọ̀ pé èyí ló wà lọ́kàn yín jù, ṣùgbọ́n kò ní wúlò bí ẹ ṣe rò. Òfin EB-1A ń sọ nípa ẹgbẹ́ tí kì í gba ọmọ ẹgbẹ́ wọlé àfi kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ náà ti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì rí i pé ó ti gbé ohun ńlá ṣe. Bíbí ni wọ́n ń bí ènìyàn sínú Àyàn. Ẹni tí kò mọ ìlù lù rárá náà ń jẹ́ orúkọ náà. Ẹ lò ó láti ṣàlàyé ibi tí ẹ ti kọ́ṣẹ́, ẹ má gbé e kalẹ̀ bí ẹ̀rí.

Ìdíje ìlù. Jíjẹ́ adájọ́ wà lára mẹ́wàá EB-1A, ṣùgbọ́n ìwé ìpè nìkan kò tó. Ẹ ní láti fi hàn pé ẹ jókòó, ẹ sì fún wọn ní máàkì: ìwé ètò ọjọ́ náà tí orúkọ yín wà lára rẹ̀, fọ́tò, ìwé máàkì bí ó bá ṣì wà, lẹ́tà láti ọwọ́ àwọn tó ṣètò rẹ̀. Ìpele kejì tí Ìwé_Òfin sọ náà ni ibi tí wọ́n ti máa béèrè pé ta ni ẹ dá lẹ́jọ́. Ọmọ iléèwé ni. Kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ẹ ó fi ṣe òpó.

Aláròyé. Ìròyìn gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa yín àti iṣẹ́ yín, pẹ̀lú àkọlé, ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ìròyìn ìwúyè ọba ni, tí wọ́n kàn dárúkọ yín ní ìlà kan, kò tó.

Kásẹ́ẹ̀tì àti àwo. EB-1A ní oríṣi kan tó wà fún àṣeyọrí ọjà, owó ìwọlé sí eré àti iye àwo tí wọ́n tà. Pé àwo náà jáde kì í ṣe ẹ̀rí pé ó tà. Ta ló mọ iye kásẹ́ẹ̀tì tó kúrò ní ọjà Alábà, yálà ojúlówó tàbí ayédèrú? Ìwé àwọn tó tà á ni ẹ nílò, ọ̀gá yín ló sì máa jẹ́ orúkọ tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwo náà ṣiṣẹ́ mìíràn fún yín, ìyẹn ti ipò pàtàkì nínú ẹgbẹ́ olórin tó lórúkọ.

Ààfin ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo ti rí i kí òṣìṣẹ́ USCIS gba ààfin gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ní orúkọ rere, nígbà tí a kó ìwé ìtàn, ìròyìn àti lẹ́tà lórí bébà ààfin fúnra rẹ̀ jọ. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ yín ní pàtó, pé ẹ̀yin ni ẹ ń fi ìlù jí Kábíyèsí ní àárọ̀, tí ẹ ń fi ìlù sọ orúkọ àlejò fún un kí ó tó wọlé. Òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀ yóò rò pé orin lásán ni.

Gángan_London (7 oṣù Kọkànlá 2024)

Màmá, mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ síwájú lórí ipò yìí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fìyà jẹ àwa onílù jù. Òyìnbó gbà pé akọrin tó wà níwájú ni aṣáájú, ẹni tó dúró lẹ́yìn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, òdìkejì ni. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀. Kẹríkẹrì, ìṣaájú àti gúdúgúdú ń di ìlù mú sí àyè wọn. Bí ìyáàlù bá yí ọwọ́ padà, ẹsẹ̀ oníjó á yí. Nínú jùjú pẹ̀lú, oríkì tí onílù bá fi ìlù pè ni olórin ń dáhùn nígbà mìíràn. Ẹ wá ọ̀mọ̀wé orin kan tó lè kọ èyí sílẹ̀ fún wọn. Ìmọ̀ náà kò ṣàjèjì ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Euba, tó di olóògbé ní 2020, fi ọdún púpọ̀ ṣèwádìí dùndún, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Pittsburgh. Bí ọ̀mọ̀wé náà bá gbọ́ àwo yín kan, kí ó kọ ìṣẹ́jú tí ìlù yín ti darí orin sílẹ̀.

ỌmọÌgbòho (7 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ̀yin èèyàn yìí ń fi nǹkan ni ara yín lára. Àwọn àjọ wà ní Èkó tí wọ́n ń fún èèyàn ní àmì-ẹ̀yẹ àṣà bó bá ti sanwó tábìlì. Àwọn oníròyìn náà wà. Láàárín oṣù méjì, fáìlì á ti kún.

ÌyáÌbejìMD (7 oṣù Kọkànlá 2024)

Ọmọ Ìgbòho, mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tan ọmọ ẹlẹ́ni. Ohun tí wọ́n máa béèrè nípa àmì-ẹ̀yẹ ni ìlànà tí wọ́n fi yan ẹni tó gbà á, iye àwọn tó du ú àti ẹni tó yẹ̀ wọ́n wò. Àjọ tó ta àmì-ẹ̀yẹ kò ní ìdáhùn kankan. Bí wọ́n bá sì rí i pé ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ láti gba físà, òfin lè ti ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà mọ́ ọn títí ayé, àyàfi bí ó bá rí àforíjì pàtàkì gbà.

Bí ẹgbẹ́ oníjó yín bá ti gba àmì-ẹ̀yẹ gidi kan lápapọ̀, ẹ sọ fún lọ́yà. Ní ọjọ́ 2 oṣù tó kọjá ni USCIS tún ìlànà EB-1A ṣe, tí wọ́n sì fi hàn gbangba pé àwọn ń ka àmì-ẹ̀yẹ ẹgbẹ́ fún ọmọ ẹgbẹ́.

Akọ̀wéÀná (8 oṣù Kọkànlá 2024)

Mo fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ ìròyìn kí n tó máa túmọ̀ ìwé, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìtumọ̀. Gbogbo ìwé tó bá wà ní èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pátápátá, kì í ṣe àkópọ̀, kí atúmọ̀ sì fọwọ́ sí i pé ó pé, ó péye, òun sì gbọ́ èdè méjèèjì. Ní ti oríkì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fò ó. Mo ti rí ìtumọ̀ tí wọ́n kọ "ó kí ọba" sí ibi tí oníròyìn ti kọ ìlà mẹ́fà tí onílù fi ìlù sọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlà mẹ́fà yẹn gan-an ni ẹ̀rí iṣẹ́ ọnà náà.

Ìbéèrè kan fún ÀyànBaltimore: orúkọ wo ló wà nínú ìwé ìrìnnà yín?

ÀyànBaltimore (8 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta mí lẹ́sẹ̀. Orúkọ Mùsùlùmí mi ló wà nínú ìwé ìrìnnà. Orúkọ Àyàn mi ló wà nínú Aláròyé. Lára kásẹ́ẹ̀tì, orúkọ ìnagijẹ tí ọ̀gá fún mi ni wọ́n kọ. Ní ààfin, "Bàbá Onílù" ni wọ́n ń pè mí, bí mi ò tilẹ̀ tí ì pé ọdún márùndínlógójì nígbà náà.

Akọ̀wéÀná (8 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ̀rí ẹni mẹ́rin ni ẹ ní lọ́wọ́ nígbà náà lójú òṣìṣẹ́ náà. Ẹ lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń jẹ́ gbogbo orúkọ yẹn, kí ọ̀gá olórin àti ààfin sì kọ gbogbo orúkọ náà tẹ̀léra wọn nínú lẹ́tà wọn, pẹ̀lú fọ́tò tó ní déètì bó bá wà. Kí a tó tú ìwé kankan, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe.

ÀyànBaltimore (12 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ kú àdúrótì. Èmi àti lọ́yà ti sọ̀rọ̀. A máa kọ́kọ́ béèrè O-1B, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ olórin náà ló máa ṣe aṣojú, a ó sì máa kó ti EB-1A jọ láìkánjú. Ó ní bíbéèrè ìwé ìgbélùú nìkan kò tó ìdí tí wọ́n fi lè kọ O-1B fún mi. Ó ní a tún lè san owó àfikún kan kí wọ́n lè dáhùn láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí lẹ́tà ààfin gbà ná.

Àbúrò bàbá mi lọ tú àpótí kan nílé ní àná, ó sì rí páálí kásẹ́ẹ̀tì mẹ́ta nínú márùn-ún. Ó ya fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi. Orúkọ mi wà lẹ́yìn ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tó fi hàn pé èmi ni mo lu ìyáàlù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣi lẹ́tà méjì kọ nínú ìnagijẹ náà.

Akọ̀wéÀná (12 oṣù Kọkànlá 2024)

Ẹ fi ìyẹn náà kún ìwé ìbúra, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀. Kí àbúrò bàbá yín má sì ju páálí náà nù. Ojúlówó rẹ̀ ni kí ẹ fi pamọ́.